Arère Nínú Yàrá Ooru: Bí A Ṣe Ń Yan Sáúnà àti Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ọ

Kí ni ó pa arère, igi tí ó ń hù nínú igbó Òǹdó, pọ̀ mọ́ yàrá kékeré kan ní orílẹ̀-èdè Fínlándì, níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dọọdún? Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá bi káfíńtà ilé wa léèrè nípa arère, yóò ní igi fífúyẹ́ ni, igi olówó pọ́ọ́kú, tí a fi ń ṣe àjà, tí a fi ń kan àpótí, tí a sì fi ń kan pósí ẹni tí kò lówó púpọ̀. Kò sí ẹni tí yóò fi arère ṣe òpó ilé. Síbẹ̀, ní Fínlándì àti ní Jámánì, arère wà lára pákó tí àwọn tí ó lówó lọ́wọ́ ń béèrè fún nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kan ìjókòó sínú yàrá ooru wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní sáúnà. Ẹni tí ó bá mọ ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ ti mọ ìlàjì ohun tí ó yẹ kí ó mọ̀ nípa yíyan sáúnà, yálà fún ilé tàbí fún òwò.

Kí Ni Sáúnà?

Ọ̀rọ̀ èdè Fínlándì ni sáúnà. Yàrá onípákó ni, tí a fi ààrò olókùúta mú gbóná kí ènìyàn lè làágùn níbẹ̀ kí ó tó wẹ̀. Àwọn ará Fínlándì tó nǹkan bí mílíọ̀nù 5.6, sáúnà tí ó wà ní orílẹ̀-èdè wọn sì lé ní mílíọ̀nù 3, nítorí náà kì í ṣe ohun ìgbádùn àwọn olówó nìkan. Ó wà ní abúlé, ó wà ní ilé alájà púpọ̀, ó wà ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ní Helsinki. Láyé àtijọ́, inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ obìnrin ti ń bímọ, inú rẹ̀ náà ni a ti ń wẹ òkú, nítorí pé kò sí ibòmíràn nínú ọgbà ilé tí ó mọ́ tó o, tí omi gbígbóná sì wà nítòsí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni àjọ UNESCO fi àṣà sáúnà Fínlándì kún àkójọ àwọn àṣà tí ó jẹ́ ogún gbogbo ayé.

Ó yàtọ̀ sí kí ènìyàn fi aṣọ borí sórí ìkòkò àgbo dongoyaro nígbà tí ibà bá mú un. Oru omi ni ti dongoyaro. Ooru gbígbẹ ni ti sáúnà. Ìwọ̀n ooru rẹ̀ a máa wà láàrin 80 sí 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìwọ̀n 100 mà ni omi ń hó! Báwo wá ni ènìyàn ṣe ń jókòó sínú rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò bó? Ẹ lọ wo ẹni tí ń ṣe búrẹ́dì. Yóò ki ọwọ́ bọ inú ààrò tí ó gbóná ju èyí lọ, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò ní jó o lẹ́sẹ̀ kan náà, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ bá fi lè kan agolo búrẹ́dì, ẹ ó gbọ́ igbe. Ìwọ̀n ooru kan náà ni ó wà lára méjèèjì, àmọ́ afẹ́fẹ́ gbígbẹ kì í tètè gbé ooru fún ara, irin sì ń gbé e kíákíá. Lẹ́yìn èyí, òógùn tí ń gbẹ lára a máa tu ara. Orí ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo ètò sáúnà dúró lé: ohun tí ara yóò kàn nínú yàrá náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kì í tètè gbé ooru fún ara.

Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó jókòó yóò fi ṣíbí ńlá onígi bu omi díẹ̀ dà sórí òkúta ààrò. Oru tí ó bá rú jáde ni wọ́n ń pè ní löyly. Ìgbà náà ni ooru yóò bo ènìyàn bí aṣọ. Lójú ará Fínlándì, yàrá tí a kò lè da omi sí òkúta rẹ̀ kì í ṣe sáúnà.

Ààrò Wo Ni Kí A Yàn?

Èyí tí ó dàgbà jù nínú wọn ni savusauna, ìyẹn sáúnà eléèéfín. Kò ní ọ̀nà èéfín rárá. Wọn a dáná sábẹ́ òkúta fún wákàtí mélòó kan, èéfín yóò gba inú yàrá kan. Bí iná bá kú tán, wọn a ṣílẹ̀kùn kí èéfín jáde kí ènìyàn tó wọlé. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ní kò sí ooru tí ó rọ ara lọ́rùn tó o. Ṣùgbọ́n n kò ní gba ẹnikẹ́ni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn pé kí ó kọ́ ọ. Bí ẹ̀yinná díẹ̀ bá ṣẹ́kù nígbà tí ènìyàn wọlé, afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn, irú èyí tí jẹnẹrétọ̀ inú yàrá fi ń pa odidi ìdílé mọ́jú, yóò ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ilé náà pàápàá a sì máa tètè gbiná.

Èkejì ni ààrò onígi tí ó ní ọ̀nà èéfín. Èyí dára fún ilé oko tàbí ilé etí adágún, níbi tí igi ìdáná wà tí kò sì sí iná mànàmáná. Ó ní kí ènìyàn wà nítòsí láti máa ko igi sí i, ó sì fẹ́ kí ògiri onípákó jìnnà sí ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ṣe é ti kọ ọ́. Ẹ̀kẹta ni ààrò mànàmáná, tí ó wọ́pọ̀ jù nínú ilé ìgboro. A tẹ swíìṣì, a dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 sí 60, ó gbóná. Kò ní èéfín, kò ní eérú.

Àwọn oníṣòwò ní ẹ̀kẹrin tí wọ́n ń tà fún àwọn ènìyàn: àpótí onígíláàsì tí iná pupa inú rẹ̀ ń ràn sí ara. Ooru inú rẹ̀ kì í sábà ju ìwọ̀n 60 lọ, kò ní òkúta, ó sì lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ihò iná lásán lára ògiri. Ẹni tí àyè tàbí iná rẹ̀ kò tó lè rà á. Àmọ́ orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ ni ó ń jẹ́, kí olówó mọ̀ ọ́n kí ó tó sanwó.

Ìṣirò Tí Ó Yẹ Kí A Kọ́kọ́ Ṣe

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń lọ ra ààrò kí wọ́n tó wọn yàrá. Èyí kò bójú mu. Iye ènìyàn ni kí a kọ́kọ́ kà. Ẹnìkan fẹ́ ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 60 lórí bẹ́ǹṣì kí ó lè jókòó láìfara kan ẹlòmíràn. Bẹ́ǹṣì onímítà 2 gba ènìyàn mẹ́ta, ó sì gba ẹnìkan láti dùbúlẹ̀. Láti ibẹ̀ ni a ti ń mọ yàrá, láti ara yàrá ni a sì ti ń mọ ààrò.

Òfin tí àwọn tí ń ṣe ààrò mànàmáná ń tẹ̀ lé ni pé kìlówáàtì 1 yóò mú nǹkan bí mítà kúbíìkì 1 gbóná. Ẹ jẹ́ kí a ṣe àpẹẹrẹ. Yàrá kan gùn ní mítà 2, ó fẹ̀ ní mítà 2, ó sì ga ní mítà 2.1. Bí a bá ṣe ìlọ́po mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, yóò fún wa ní 8.4. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ gíláàsì, gíláàsì sì ń jẹ ooru, bẹ́ẹ̀ náà ni ògiri bíríkì tàbí táìsì tí a kò fi nǹkan bò. Fún mítà 1 níbùú lóròó irú ohun bẹ́ẹ̀, a ó fi 1.2 kún ìṣirò wa. Ilẹ̀kùn tí ó ga ní mítà 1.9, tí ó fẹ̀ ní 0.7, jẹ́ 1.33, ìlọ́po rẹ̀ pẹ̀lú 1.2 sún mọ́ 1.6. Àpapọ̀ wá di 10. Nítorí náà, ààrò kìlówáàtì 9 tàbí 10.5 ni kí a máa wò, kí a sì ka ìwé tí ó bá a wá, nítorí pé iye mítà kúbíìkì tí ó kéré jù àti èyí tí ó pọ̀ jù ni wọ́n ń kọ sínú rẹ̀.

Bí ààrò bá kéré ju yàrá lọ, kò ní sinmi, wáyà inú rẹ̀ yóò sì tètè jó. Ẹni tí ó bá rò pé kí òun kúkú ra èyí tí ó tóbi gan-an kò tíì gbọ́n: afẹ́fẹ́ yóò gbóná kíákíá, ẹ̀rọ tí ń wọn ooru yóò pa iná, òkúta kò sì ní tíì gbóná dénú. A da omi sí i, ó kàn tutù ni. Kò sí löyly.

Iná ńkọ́? Kìlówáàtì 9 lórí wáyà mẹ́ta oní-400 fóòtì yóò fa nǹkan bí áńpíà 13 lórí wáyà kọ̀ọ̀kan. Lórí wáyà kan ṣoṣo oní-230 fóòtì, yóò fa áńpíà 39. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ tí ń tún rédíò ṣe ládùúgbò. Oníṣẹ́ iná tí ó ní ìwé àṣẹ ni kí ó ṣe é, kí ó sì lo wáyà tí ooru kò lè yọ́.

Òkúta náà ní tirẹ̀. Kì í ṣe èyí tí a ṣà létí odò, nítorí pé irú rẹ̀ lè bú gbàmù bí omi bá kàn án nígbà tí ó gbóná. Òkúta dúdú líle tí a là jáde láti inú àpáta ni wọ́n ń lò, wọn a sì tò ó kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín rẹ̀ kọjá. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni kí a kó o jáde, kí a da èyí tí ó ti rún nù. Ní ilé òwò, ó yẹ kí ó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìjókòó, Ògiri àti Afẹ́fẹ́

Ooru a máa gòkè. Ẹni tí ó bá jókòó nílẹ̀ nínú sáúnà, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò tutù, orí rẹ̀ yóò gbóná. Ìdí nìyí tí bẹ́ǹṣì òkè fi gbọ́dọ̀ wà ní sẹ̀ǹtímítà 100 sí 120 sí àjà, tí àwọn ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà sì ń fẹ́ kí àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tí ó jókòó ga ju orí òkúta lọ. Àjà gíga tí ó dára fún pálọ̀ kò dára fún sáúnà. Owó iná ni yóò kàn máa jẹ.

Inú ògiri ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wà, bí a kò tilẹ̀ rí i. Wọn a to owú òkúta tàbí pátákó fọ́ọ̀mù tí kì í jẹ́ kí ooru jáde sínú ògiri, wọn a wá fi bébà aláwọ̀ fàdákà, tí ó jọ èyí tí a fi ń wé oúnjẹ ṣùgbọ́n tí ó nípọn jù ú lọ, bo ojú rẹ̀ nínú, wọn a sì fi téèpù lẹ gbogbo ojú oríkèé rẹ̀. Wọn a fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ kí pákó tó wá borí. Bí a bá fi bébà yìí sílẹ̀ nítorí àti dín owó kù, oru omi yóò wọ inú ògiri lọ, igi inú ilé yóò sì máa jẹrà láìsí ẹni tí ó mọ̀, títí di ọjọ́ tí ìka ènìyàn yóò wọ ọ́.

Bákan náà ni afẹ́fẹ́. Bí ààrò bá jẹ́ ti mànàmáná tí ẹ̀rọ sì wà tí ń fa afẹ́fẹ́ jáde, ihò tí afẹ́fẹ́ tútù ń gbà wọlé a máa wà lókè ààrò, èyí tí ó ń gbà jáde a sì wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Lọ́nà báyìí, afẹ́fẹ́ tútù yóò dara pọ̀ mọ́ èyí tí ó gbóná kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ènìyàn. Yàrá tí kò ní ihò méjèèjì yóò máa fún ènìyàn láyà, àwọn kan yóò sì rò pé agbára ooru ni.

Igi Wo?

A dé ibi tí mo ń bọ̀. Igi pine pọ̀ ní Fínlándì bí ọ̀pẹ ti pọ̀ nílé wa, ṣùgbọ́n oje wà lára rẹ̀. Bí ooru bá mú un, oje náà yóò máa sun jáde níbi kókó igi, yóò sì jó ẹni tí ó bá fara tì í. Nítorí náà wọ́n lè fi í bo ògiri, wọn kì í fẹ́ fi í ṣe ìjókòó. Igi aspen àti igi alder ni wọ́n sábà ń lò fún ìyẹn. Lẹ́yìn wọn ni arère dé.

Abachi ni àwọn ará Jámánì ń pè é. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní obeche, orúkọ tí wọ́n gbà lẹ́nu àwọn ará Ẹ̀dó. Ní Gánà ó ń jẹ́ wawa, ní Côte d'Ivoire samba, ní Kamẹrúùnù ayous. Orúkọ mẹ́fà, igi kan. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wá sọ ọ́ ní Triplochiton scleroxylon, ọ̀rọ̀ Gíríìkì kejì yìí sì túmọ̀ sí igi líle. Kò jọ pé ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ fi èékánná kàn án rí.

Mítà kúbíìkì 1 arère gbígbẹ wúwo tó nǹkan bí kílò 380. Ti ìrókò tó nǹkan bí 650. Kí ni ó wà ní àyè tí ó ṣẹ́kù nínú arère? Afẹ́fẹ́ ni, a sì ti sọ lókè pé afẹ́fẹ́ kì í tètè gbé ooru fún ara. Fífúyẹ́ tí káfíńtà wa fi ń fojú tín-ín-rín arère gan-an ni ó jẹ́ kí ènìyàn lè fi ìhòòhò jókòó lé e nínú yàrá oní-90. Ẹ gbé ìrókò síbẹ̀, ẹ ó rí ẹni tí yóò fò sókè. Yàtọ̀ sí èyí, arère kò ní oje, kókó rẹ̀ kò pọ̀, kì í sì í ṣá ènìyàn lára.

Ó ní àìdára tirẹ̀. Kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀, ó sì tètè ń dọ́gbẹ́ aláwọ̀ búlúù bí a bá gé e lulẹ̀ tí a fi í sílẹ̀ nínú igbó. Kíákíá ni kí a là á kí a sì sá a gbẹ. Ìyẹ̀fun rẹ̀ máa ń fa ikọ́ fée fún àwọn kan tí ń là á lójoojúmọ́, èyí sì ti di mímọ̀ láàárín àwọn oníṣègùn, nítorí náà kí káfíńtà bo imú. Igi náà fúnra rẹ̀ kì í so èso déédéé, èso rẹ̀ kì í sì í pẹ́ bàjẹ́. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó ní Ìbàdàn ṣiṣẹ́ lórí bí a ṣe lè gé ẹ̀ka rẹ̀ kí a sì gbìn ín kí ó ta gbòǹgbò, bí a ti ń ṣe igi ẹ̀gẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ igi, ẹ fi èyí sọ́kàn: pákó ni àwọn ará Áfíríkà ń tà, bẹ́ǹṣì tí a ti fá tí a sì ti kàn ni wọ́n ń tà lọ́hùn-ún, owó wọn kò sì dọ́gba.

Irú igi yòówù kí a lò, abẹ́ ni kí a ti kan ìṣó rẹ̀, nítorí pé orí ìṣó yóò ṣe ohun tí agolo búrẹ́dì ń ṣe. A kì í kùn ún ní ọ̀dà tàbí fáníìṣì.

Bí Ó Bá Jẹ́ Fún Òwò

Ní ìlú Tampere, ilé sáúnà kan wà tí ń jẹ́ Rajaportti, tí ó ti ń gba àlejò láti ọdún 1906. Ní Helsinki, Kotiharju ti wà láti 1928. Nígbà tí olúkúlùkù ní tirẹ̀ nínú ilé, ọ̀pọ̀ irú wọn kógbá sílé. Àwọn tí ó yè é kò yè é nítorí ooru nìkan. Àwọn ènìyàn ń lọ síbẹ̀ láti bá ara wọn sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ tuntun, bíi Löyly tí a ṣí ní Helsinki ní 2016. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi sáúnà ṣòwò gbọ́dọ̀ fi èyí kọ́gbọ́n, kí ó fi àyè ìsinmi, ibi ìpààrọ̀ aṣọ àti omi tútù ṣe pàtàkì bí yàrá ooru.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò iná rẹ̀. Ká ní ààrò kìlówáàtì 9 ṣiṣẹ́ fún wákàtí 6, tí ó lo gbogbo agbára rẹ̀ ní wákàtí àkọ́kọ́, tí ó sì ń lo ìlàjì ní márùn-ún tí ó kù. Yóò jẹ́ 9 àti 22.5, ìyẹn 31.5 yúnítì. Bí oníbàárà 3 bá wá, iye yìí ni. Bí 30 bá wá, kò ní fi púpọ̀ ju iye yìí lọ. Wákàtí ni owó ń bá lọ, kì í ṣe orí ènìyàn. Ìdí nìyí tí ilé alájà púpọ̀ ní Fínlándì fi máa ń ní sáúnà kan ṣoṣo nísàlẹ̀, tí ìdílé kọ̀ọ̀kan sì ní wákàtí tirẹ̀ lọ́sẹ̀, tí wọ́n tò tẹ̀ léra kí ààrò má baà tutù láàárín. Èyí ni mo rí pé ó dára jù fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀: kí ó ta wákàtí fún ẹgbẹ́, kí ó má ta ìjókòó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Kí gbogbo ẹni tí ó bá wọlé wẹ̀ kí ó tó jókòó, kí ó sì tẹ́ aṣọ ìnura sábẹ́. Kí bẹ́ǹṣì ṣeé yọ, kí a lè fọ abẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ pákó.

Ìlera àti Ewu

Ní 2015, àwọn oníṣègùn ní ìhà ìlà-oòrùn Fínlándì gbé èsì ìwádìí kan jáde lórí ọkùnrin 2,315, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 42 sí 60 nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì tọ́pa wọn fún nǹkan bí ogún ọdún. Ikú òjijì tí ọkàn ń fà fi ìdá 63 nínú 100 dín kù láàárín àwọn tí ń lọ sí sáúnà lẹ́ẹ̀mẹ́rin sí méje lọ́sẹ̀ ju àwọn tí ń lọ lẹ́ẹ̀kan lọ. Èyí kò wá sọ òógùn di oògùn o. Ẹni tí ara rẹ̀ le ni ó sábà ń lè lọ lójoojúmọ́, ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò sì lè ya méjèèjì sọ́tọ̀ pátápátá. Kí ẹni tí ọkàn ń yọ lẹ́nu bi dókítà rẹ̀ léèrè.

Láti 1999 ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje sáúnà ní ìlú Heinola, kí wọ́n lè mọ ẹni tí yóò pẹ́ jù nínú ooru oní-110. Ní 2010, ọmọ Rọ́ṣíà kan kú nínú àṣekágbá rẹ̀, ọmọ Fínlándì tí wọ́n jọ figa gbága sì jóná gidigidi. Ìdíje náà parí síbẹ̀. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 tó fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lára. Kí ó jáde, kí ó mu omi, kí ó sinmi kí ó tó padà. Ẹni tí ó ti mutí kò gbọdọ̀ wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ọmọdé kò gbọdọ̀ dá wà níbẹ̀.

Aṣọ tí a sá sórí ààrò ti sun ọ̀pọ̀ sáúnà níná, nítorí náà kí a fi igi yí ààrò ká ní ìwọ̀n tí ìwé rẹ̀ sọ, kí a má sì so okùn kankan sókè rẹ̀. Ohun ìkẹyìn tí ó yẹ kí ẹni tí ń ra sáúnà wò kí ó tó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ káfíńtà ni ilẹ̀kùn. Ìta ni kí ó máa ṣí sí, kò gbọdọ̀ ní ìdè tàbí kọ́kọ́rọ́ rárá, kí ẹni tí òòyì kọ́ lè fi èjìká kàn tì í kí ó sì ṣí.